Ohùn Ọjọ́ Àìkú fún Ìyàwó Mi

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Ọmọ mi Alágídí,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dé láyọ̀? Ṣé òtútù ti rọlẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Èmi ń mí. Ẹsẹ̀ òsì ṣì ń dùn mí bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo jókòó kọ.

Lẹ́tà rẹ dé. Ojú ewé méjì gbáko lo fi ròyìn ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n gbé wá sí ilé ìfọṣọ tí o ti ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì mì lódindi tó sì ń pọ̀ ọ́ jáde pẹlẹbẹ. Ó dára, mo bá ọ yọ̀. Lẹ́yìn tí o fọwọ́ sí i tán lo wá sáré fi ìlà kan ṣoṣo há ìsàlẹ̀ ìwé: "Olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ ìyàwó yín kò já gaara." Ṣé bí wọ́n ti ń sọ irú rẹ̀ nìyẹn? O dà bí ẹni tó kí ará ilé tán, tó dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, iná ń jó ní yàrá ẹ̀yìn."

Láti ọjọ́ tí o ti bí ọmọ yẹn ni mo ti ń pè é ní ìyàwó mi. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí. Ọkọ tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, irú ọkọ wo nìyẹn?

Jọ̀ọ́, gbé ahọ́n rẹ̀ sókè kí o wo abẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní bí okùn ibẹ̀ bá kúrú, ọ̀rọ̀ kì í já geere. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e kí o tó kọ̀wé sí mi. Wo etí rẹ̀ náà. Ṣé kì í ṣe pé o tètè já a lẹ́nu ọmú? Ṣé kì í ṣe ariwo ilé ìfọṣọ yẹn ló gbọ́ nínú oyún? N kò fẹ́ dá ìjà àna sílẹ̀, ṣùgbọ́n fọgbọ́n bi ọkọ rẹ bí ẹnu bàbá rẹ̀ ṣe rí nígbà èwe. Ní ti ìhà tiwa, kò lè jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Ìwọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ ẹnu ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni mò ń kéde ọkọ̀ ojú irin nínú gbohùngbohùn, kò sì sí èrò kan tó ṣi ọkọ̀ wọ̀ nítorí ohùn mi. Bí mo bá ti là á pé ojú irin kejì ni, alágbàrù tó sùn lé ẹrù á gbọ́ ọ lójú oorun.

Ohùn ọjọ́ Àìkú ṣì ń bọ̀ o. Ìyá Aránṣọ, tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé wa, ṣì ń yá mi ní fóònù rẹ̀, mo sì ń sọ ìtàn sínú rẹ̀ fún ọmọ. Ó ní kí ló gùn tó bẹ́ẹ̀ tí mò ń sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

Má pè mí lórí fóònù tèmi, ó ti bàjẹ́. Ìwé ni kí a máa kọ. Ohùn mi ti ìyàwó mi ni, ìwé ni tìrẹ. Ìjà inú ìwé, ènìyàn á rò ó kó tó jà á.

Èmi bàbá rẹ, tí oorun ti dá lójú rẹ̀.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú ìrònú, ẹ kú àìsùn. Ọkọ mi ti dé, ó ti sùn, ó ti jí, ó ti tún lọ. Ó ní kí n sọ fún yín pé ẹnu bàbá òun mú ju abẹ lọ, àti pé kí ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá jẹ ẹ́ lówó rí.

Mo gbé ahọ́n ìyàwó yín sókè bí ẹ ṣe wí. Ó gé mi ní ìka jẹ. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ahọ́n. Ọmú tí ẹ sì ń wí, òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́, ó fi ọwọ́ tì í bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní oògùn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí, kí ẹ má baà máa fi ọkàn ya èyí tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá yẹ kó ti ẹnu eyín jáde, afẹ́fẹ́ a máa jò lára rẹ̀ bíi ti táyà tó lu. Bó bá pe "aṣọ," ẹ ó rò pé aṣọ náà ló ya. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ìgbà òjò tó kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ kedere. Ìgbà tí òjò parí ló bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ rẹ̀ pè mí sí ẹ̀yìn kíláàsì, níbi tí wọ́n ń sá bùrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà sí, ó ní kí n jókòó. Àga ọmọdé ni. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Ó ní, "Èdè méjì ló ń jà lẹ́nu ọmọ yìí. Bó bá ti ki ti ilé yín bọ tiwa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í já gaara mọ́. Ẹ fi ti ilé yín sílẹ̀, kí ẹ máa sọ tiwa nìkan fún un."

Mo ní, "Bí mo bá fẹ́ bá a wí ńkọ́?"

Ó ní kí n fi tiwọn bá a wí.

Mo ní, "Mi ò mọ ìbáwí ní èdè yín. Ẹ ṣé àti ẹ má bínú nìkan ni wọ́n kọ́ mi níbi iṣẹ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọ̀rọ̀ ọmọ kò bá mọ́ kó tó di òpin oṣù kẹfà, kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè lọ sí kíláàsì ńlá. Àárín àwọn ọmọ kéékèèké ni yóò tún jókòó sí fún ọdún kan sí i. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo gbọ́, kó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé mo kọ̀.

Bàbá, ẹ tún fóònù yín ṣe. Láti ìgbà òjò ló ti bàjẹ́, ṣé gbogbo atúnfóònù-ṣe àdúgbò ló kó lọ ni? Ọdún ń yí lọ, mi ò gbọ́ ohùn yín, ìyàwó yín nìkan ló ń gbọ́ ọ. Inú bọ́ọ̀sì ló ti máa ń gbọ́ ọ bí mo bá ń mú un lọ sílé ìwé. Á ki ìyapíìsì sétí, á máa dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Bí mo bá ní kó fún mi gbọ́ díẹ̀, á fi ọwọ́ bo etí. "Ti ọkọ mi ni."

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Ọmọ mi Alágídí,

Ṣé dáadáa ni? Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á, mo tún un kà, mo sì wẹ ojú tán kí n tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. O ní kí olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kọ̀. Ṣé gbogbo ìlẹ̀kùn ni a ń fi èjìká ṣí?

Gbọ́ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ọkùnrin kan wà nínú wa ní rélùwéè tí ọ̀rọ̀ máa ń há sí lọ́fun. Làákàyè rẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Òun ló ń bá ọ̀gá wa ṣírò nǹkan tí ọ̀gá kò mọ̀. Ṣùgbọ́n yàrá ẹrù ni wọ́n fi í sí, nítorí àpótí kì í bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló wà títí irun rẹ̀ fi funfun. Ojú rẹ̀ ni mò ń rí báyìí bí mo bá dijú. Mo ń rí ìyàwó mi láàárín àwọn ọmọ tí kò tó èjìká rẹ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yọjú lójú fèrèsé wò ó.

Nítorí náà, ṣe ohun tí olùkọ́ wí. Fi èdè wa sílẹ̀ ná títí ọmọ yóò fi gòkè. Èdè kì í ṣe oúnjẹ tí yóò bà jẹ́ bí a bá gbé e pamọ́. Èmi náà ti ṣe tèmi. Mo sọ fún Ìyá Aránṣọ pé kó gbé fóònù rẹ̀ sílé ní ọjọ́ Àìkú, n kò ní ìtàn mọ́. Ó ní, "Baba, ta ló kú?" Mo ní kó kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Tàbí kí o fi ọmọ ránṣẹ́ sí mi fún ọdún kan. Yàrá rẹ àtijọ́ ṣófo. Mo ti ní kí wọ́n wá tún ìkọ́ fèrèsé rẹ̀ ṣe.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín, ṣùgbọ́n ìbínú ni mo fi kí yín lónìí, ẹ má bínú.

Ẹ rántí ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo bá wọlé tí mo fi èdè ilé ìwé bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ máa ń ṣe bí adití. Omi ni mò ń bèèrè, ẹ ó máa ka ìwé ìròyìn yín lọ. Ẹ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ mí títí mo fi bèèrè rẹ̀ ní èdè tí ìyá mi fi bí mi. Ìgbà yẹn ẹ kò sọ pé èdè kì í bà jẹ́ bí a bá gbé e pamọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní agídí, Bàbá. Ẹ má wá gbà á padà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo fẹ́ lò ó.

Ìyàwó yín ń gbọ́ àwọn ìtàn àtijọ́ ní àgbọ́túngbọ́. Ó ti mọ gbogbo wọn sórí. Lánàá, ní ibùdó bọ́ọ̀sì, ó yọ ìyapíìsì létí, ó bi mí pé, "Ṣé ọkọ̀ ojú irin ló gbé ọkọ mi lọ ni?" Gbogbo èrò tó tò síbẹ̀ ló ń wò mí. Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ní ẹ̀rù olùkọ́ ló ń ba ọkọ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ pé kí n fi í ránṣẹ́, ọmọ kì í ṣe ẹrù rélùwéè. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà. Ọmọ ẹni kì í sì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á lọ fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Èdè tí mo ní ni màá sọ fún un.

Wọ́n ti fún wa láyè lọ́dọ̀ dókítà tó ń wo ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé. Ogúnjọ́ oṣù yìí ni. Bí òun náà bá ní èdè wa ló fà á, màá kọ̀ fún òun náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ohùn sílẹ̀ fún ọmọ kó tó di ọjọ́ náà. Ó fẹ́ kí ọkọ òun sin òun lọ.

Alágídí yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín.

Eyín yín dà?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kò dáhùn. Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi ti dé, ẹ ti kà á, ẹ sì ti pa ẹnu mọ́. Ó jọ pé ẹnu pípamọ́ ti ń ṣe yín láǹfààní láti ìgbà òjò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Yàrá dókítà náà kò ju yàrá ìdáná yín lọ. Tábìlì kékeré kan wà níbẹ̀, àti páálí tí wọ́n ya nǹkan sí: bàtà, ìjókòó, ìlẹ̀kùn, ẹja. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wo etí ọmọ. Etí rẹ̀ dá ṣáṣá ju tèmi lọ, èmi tí mò ń dúró ti ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Ó wá ń fi àwòrán hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó yín ń pè wọ́n ní èdè tiwọn, kò sí èyí tó jò. Ó mọ́ bíi dígí. Dókítà wò mí. Ó ní kí n wá bi í ní tiwa.

Bàbá, kí ọmọ yẹn tó lanu, ó kọ́kọ́ ká ètè méjèèjì wọnú, ó fi wọ́n bo eyín rẹ̀ pátá, ẹnu rẹ̀ wá rí bíi ti arúgbó tí kò léyín. Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi ń ká ètè?"

Ó wò mí bí ìgbà tí èmi ni mo wá kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. "Báyìí ni wọ́n ń sọ ti ilé. Báyìí ni ọkọ mi ń sọ ọ́."

Mo ní kó fún mi ní ìyapíìsì. Ó rò ó títí, ó fún mi ní ẹyọ kan, ó di ẹyọ kejì mú. Mo gbọ́ yín. Ohùn bàbá mi ni, ṣùgbọ́n ẹnu náà ṣófo. Ẹ ń sọ ìtàn ìjàpá tó wọ ọkọ̀ ojú irin láìní tíkẹ́ẹ̀tì, ìtàn tí ẹ máa ń sọ fún mi, gbogbo ibi tó yẹ kó dún ló ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Dókítà rò pé àìsàn ọmọ ni mò ń sunkún sí. Ó ní kí n má bẹ̀rù, kò sí àìsàn kankan, àwòkọ́ṣe ni. Ó ní ọmọ máa ń kọ́ ẹnu ẹni tó bá fẹ́ràn. Mi ò lè ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ ọmọ ti kúrò lọ́kàn mi.

Ìgbà wo ni ó ṣẹlẹ̀? Ta ló tọ́jú yín? Fóònù yín kò bàjẹ́ rí, àbí mo parọ́?

Bàbá ọkọ mi kí yín o. Ọkọ mi ní kí n má fi nǹkan kan kún un.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àna mi, mo sì kí i padà. Ẹní bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Èmi ni mo sọ ọ́, ẹnu tèmi náà ló bá.

Nínú òjò ló ṣẹlẹ̀. Mò ń gbé korobá omi gun òkè, àtẹ̀gùn tutù, ẹsẹ̀ òsì yẹ̀. Mẹ́rin ló lọ, gbogbo iwájú òkè. Ìyá Aránṣọ rí méjì níbi tó ti ń gbá àjákù aṣọ, ó dì wọ́n sínú ìrépé aṣọ gbé e wá fún mi bí ẹni tó rí bọ́tìnnì. Òun ló mú mi lọ sí ọsibítù. Ara mi ti yá, má ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Mi ò sọ fún ọ nítorí mo mọ̀ ọ́. Wàá ju iṣẹ́ sílẹ̀, wàá gbé ọmọ pọ̀n, wàá máa bọ̀. Ìyẹn jẹ́ ọ̀kan. Èkejì le láti kọ. Èmi tí gbogbo ibùdókọ̀ máa ń dákẹ́ gbọ́, kí n wá máa fẹ́ fèrè sí ọ létí lórí fóònù? Mo ní kí ohùn mi àtijọ́ ṣì wà lọ́kàn rẹ bó ṣe wà. Mo rò pé ọmọ ọdún mẹ́rin kò ní mọ ìyàtọ̀. Kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó rò pé bí a ti ń sọ ọ́ nìyẹn.

Mo ti lọ bá ọkùnrin kan tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Ó fi nǹkan rírọ̀ bí àmọ̀ há mi lẹ́nu, ó ní kí n gé e jẹ, ó sì ń bi mí ní ìbéèrè lásìkò yẹn gan-an. Kò tíì parí rẹ̀. Títí di ìgbà náà, n kò ní gba ohùn kankan sílẹ̀. Bóyá lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá, ó dára kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti ba ẹnu ọmọ jẹ́ láti òkèèrè, ta ló mọ ohun mìíràn tí mo lè bà jẹ́?

Ṣùgbọ́n lọ bá olùkọ́ yẹn. Mo kó ọ̀rọ̀ mi ti oṣù kejì jẹ. Sọ fún un pé bàbá rẹ ní eyín òun ló ká, kì í ṣe èdè òun. Kó má fi ẹ̀bi mi gba èdè lẹ́nu ọmọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ara líle. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ fún mi, ẹ ní mo kúnlẹ̀. Ẹ sì ní mo ń bá a jà, nítorí ó mọ̀ kò sọ.

Mo jíṣẹ́ yín fún olùkọ́ bí ẹ ṣe rán mi. Dókítà náà kọ ìwé pé kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ. Olùkọ́ kà á, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí a ṣì fi ti ilé sílẹ̀ títí òpin oṣù kẹfà, nígbà tí òun àti ọ̀gá ilé ìwé yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní bí ènìyàn bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ṣé èdè rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Ó ní òun kò mọ àtẹ̀gùn tí mò ń sọ. Mo kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Dókítà ní ohun kan ló kù. Kí ọmọ gbọ́ yín pẹ̀lú eyín lẹ́nu, kó lè mọ̀ pé kíká ètè kò sí lára èdè. Ẹnikẹ́ni kò lè kọ́ ọ àfi ẹ̀yin. Èmi ti gbìyànjú, ó ní mi ò mọ̀ ọ́n sọ.

Nítorí náà, ẹ má jókòó jẹ́ẹ́ kankan. Bí ẹ bá dákẹ́, olùkọ́ ló borí, ọmọ yóò sì rò pé èdè tó ń mú ọkọ ẹni pòórá ni tiwa. Bí eyín bá ti dé, ẹ sọ̀rọ̀.

Alágídí yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Eyín dé. Ó ń há mi ní apá ọ̀tún, ó sì ń dún kẹ́kẹ́ bí mo bá ń jẹun. Mo wọ̀ ọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Aránṣọ wò mí, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ní, "Baba, ipò wo lẹ fẹ́ dù? Ẹ ti rí bí àwòrán ara ògiri nígbà ìbò." Àwọn oníbàárà rẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi jáde.

Mo gba ohùn sílẹ̀. Ìtàn ìjàpá yẹn náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló dún bó ṣe yẹ kó dún, bí ìgbà tí mo wà nídìí gbohùngbohùn. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Bí kò bá mọ̀ mí mọ́ ńkọ́? Bó bá mọ̀ mí, tí kò sì yí padà ńkọ́? Bó bá yí padà, tí olùkọ́ ṣì ní kò tó ńkọ́? Kọ̀wé kíákíá.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ má bínú pé ó pẹ́, mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí kí n tó kọ ọ́.

Ìyàwó yín ki ìyapíìsì sétí, ó gbọ́ díẹ̀, ó yọ ọ́, ó fi aṣọ nù ún, ó tún ki í bọ etí. Ó ní, "Ta nìyí?" Mo ní ọkọ rẹ ni. Ó ní rárá, ọkọ òun kì í sọ̀rọ̀ bí olùkọ́. Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó kọjú sí fèrèsé bọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi kò gbé e.

Nígbà tí a délé, mo gbé dígí síwájú rẹ̀. Mo fi ohùn àtijọ́ sí i, mo ní kó ká ètè. Mo fi ti tuntun sí i, mo ní kó ṣí ètè kí eyín hàn. Mo ní, "Ẹnì kan náà ni. Eyín rẹ̀ yọ, wọ́n ṣe òmíràn fún un." Ó ń ká ètè, ó ń ṣí ètè níwájú dígí náà fún ìgbà pípẹ́. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ó lè yọ ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kó máa yọ ọ́ tó bá ń bá èmi sọ̀rọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ kó jò, á jò. Bó bá fẹ́ kó mọ́, á mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé àti olùkọ́ jókòó, èmi náà tún wà lórí àga ọmọdé yẹn. Wọ́n bi í ní tiwọn, ó dáhùn. Wọ́n ní kó sọ tiwa, ó sọ ọ́ fún mi, ó mọ́ ju tiwọn lọ. Ọ̀gá ní ó ti gòkè. Olùkọ́ wá rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹnu ti mọ́, ẹ ò ṣe wá fi ti ilé sílẹ̀ báyìí, kó má baà tún bà jẹ́?

Kí n tó dáhùn, ìyàwó yín ti ká ètè bo eyín. Ó dìde lórí àga, ó na ọwọ́, ó sì kéde ọkọ̀ ojú irin fún wọn bí ẹ ṣe ń kéde rẹ̀, pé kí gbogbo èrò sún sẹ́yìn, ojú irin kejì ni, ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì kó bá ìjàpá rìn. Gbogbo rẹ̀ ló jò. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Olùkọ́ ń wò mí. Mo ní, "Ẹ ti gbọ́ èsì wa."

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Ọmọ mi Alágídí,

Mo ti gbọ́. Mo ka ibi tó ti dìde lórí àga fún Ìyá Aránṣọ, ó ní kí n tún un kà fún oníbàárà rẹ̀, mo sì tún un kà fún ẹni tó wá gba ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n ṣé àga náà dúró dáadáa? Má jẹ́ kó máa dìde lórí àga. Mo mọ ohun tí mò ń sọ nípa ìṣubú.

Ohùn ọjọ́ Àìkú yìí ti wà lọ́nà. Ọ̀nà méjì ni mo pín in sí. Mo wọ eyín sọ apá kìíní, kí ẹnikẹ́ni nílé ìwé yẹn má rí nǹkan kan wí. Lẹ́yìn náà ni yóò gbọ́ tí nǹkan yóò dún kọ̀ǹ. Kó má bẹ̀rù, eyín mi ló bọ́ sínú ife omi. Ohun tó bá tẹ̀lé e jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ìyá Aránṣọ ní ìró ife ti ba ohùn náà jẹ́, kí a tún un gbà. Mo ní kó kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

Fóònù mi ti yá. Kò sí ẹni tó tún un ṣe, ó ṣáà ti yá. Ọjọ́ tó bá wù ọ́ ni kí o pè mí. Mi ò ní wọ eyín kí n tó gbé e.

Bàbá rẹ.